Ibi tí owó ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ alága káńsù

Ní ọjọ́ tí alága káńsù bá pe àwọn ará ìlú jọ sí gbọ̀ngán láti jábọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Èkíní ni iṣẹ́ tó ti ṣe: ọ̀nà tí wọ́n fi katakata tẹ́, kànga ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kùn. Èkejì ni owó, tó máa ń sọ pé kò tó. Ẹ̀kẹta ni òmìnira ìjọba ìbílẹ̀, tó máa ń dárúkọ bí ẹni pé gbogbo ẹni tó wà níjokòó ló mọ ohun tó túmọ̀ sí. Àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́, wọ́n á jó díẹ̀, wọ́n á gba oúnjẹ inú kúlà, wọ́n á sì padà sílé láìmọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n gbọ́ tàbí àwáwí. Mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níhìn-ín, kí ẹni tí kì í ṣe amòfin lè mọ ibi tí ẹ̀bi alága wà àti ibi tí kò sí.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ni lójú ni pé ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ìbéèrè mẹ́ta tó jọra ní ìdáhùn mẹ́ta tí kò jọra. Ta ló ni iṣẹ́? Ta ló ni owó? Ọwọ́ ta ni owó náà wà? Nínú ilé tí nǹkan ti ń lọ déédéé, ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ni wọ́n ń fún lówó iṣẹ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ni owó sì máa ń wà. Ní ti ìjọba ìbílẹ̀ wa, ọrùn alága ni iṣẹ́ wà, orúkọ káńsù rẹ̀ ni wọ́n fi pín owó, ṣùgbọ́n ìkáwọ́ gómìnà ni owó náà kọ́kọ́ ń bọ́ sí. Àwọn àgbà ní a kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìẹ, síbẹ̀ irú oyè tí ìwé òfin fi alága káńsù jẹ gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ti orí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àfikún Kẹrin inú ìwé òfin náà ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ẹni tó bá sì kà á yóò rí i pé ọ̀rọ̀ àdúgbò ni gbogbo rẹ̀. Káńsù ló ni ọjà, odò ẹran, gáréèjì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìgboro. Òun ló ni itẹ́ òkú àti ilé tí wọ́n ń kó àwọn aláìní sí. Òun ló yẹ kó máa sọ òpópónà lórúkọ, kó máa kọ nọ́ńbà sára ilé, kó máa kó ìdọ̀tí, kó máa la gọ́tà, kó máa tan iná ojú pópó, kó sì máa tún àwọn ọ̀nà inú àdúgbò ṣe. Òun ni òfin ní kó máa fún kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, bárò àti ọmọlanke níwèé àṣẹ, òun ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó lórí ṣọ́ọ̀bù, búkà, ilé ọtí àti pátákó ìpolówó. Kódà owó láísẹ́ńsì rédíò àti tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣòro láti rí ẹni tó rántí ìgbà tó san án gbẹ̀yìn.

Apá kejì Àfikún náà ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Níbẹ̀, òfin kò sọ pé káńsù ló ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ètò ìlera. Ohun tó sọ ni pé káńsù yóò kópa nínú wọn pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹni tó ń kópa nínú nǹkan kì í ṣe ẹni tó ni ín. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀, SUBEB, ló ń gba olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ síṣẹ́, tó sì lè gbé e láti ilé ẹ̀kọ́ kan lọ sí òmíràn, ṣùgbọ́n inú owó tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ ni owó oṣù olùkọ́ náà ti ń jáde. Tí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ bá ṣí, òbí á gbé ẹjọ́ lọ bá alága, alága á ní ọ̀rọ̀ SUBEB ni, àwọn SUBEB á ní àwọn ń retí owó láti Àbújá. Gbogbo wọn lè máa sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, òrùlé ò sì ní yé jò.

Àwọn iṣẹ́ kan tún wà tó jẹ́ ti káńsù nínú ìwé, ṣùgbọ́n tí ìjọba òkè ti gbà ṣe. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, LAWMA, tó jẹ́ àjọ ìpínlẹ̀, ni àwọn ènìyàn mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí. Owó orí ilé, tí òfin kà mọ́ owó ìjọba ìbílẹ̀, ti wà nínú owó ìlò ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Land Use Charge láti ọdún 2001. Ìpínlẹ̀ ló ń ṣètò rẹ̀, káńsù á wá máa retí ìpín tirẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun náà wà nínú iṣẹ́ káńsù, ṣùgbọ́n àjọ ìkànìyàn orílẹ̀-èdè ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà. Ní ti ọ̀nà, ẹ rántí pé oríṣi mẹ́ta ló wà: ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, àti ti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá kó sínú kòtò lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó wá ń bú alága káńsù tí kòtò náà wà lágbègbè rẹ̀, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló ń bú.

Ọ̀rọ̀ owó ló gba sùúrù jù. Owó epo rọ̀bì, owó kọ́sítọ́ọ̀mù, owó orí ilé-iṣẹ́ àti irú wọn máa ń wọ àpò kan náà, tó jẹ́ àpò àjùmọ̀ní orílẹ̀-èdè. Lóṣooṣù ni ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní FAAC ń jókòó ní Àbújá láti pín in, lábẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, pẹ̀lú àwọn kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó àti àwọn aṣírò-owó àgbà láti ìpínlẹ̀ gbogbo. Kò sí àga fún alága káńsù nínú ìpàdé yẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó epo fún àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń wà á. Lẹ́yìn èyí, nínú ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan tó kù, ìjọba àpapọ̀ á mú náírà 52 àti kọ́bọ̀ 68, àwọn ìpínlẹ̀ 36 á pín náírà 26 àti kọ́bọ̀ 72, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 á sì pín náírà 20 àti kọ́bọ̀ 60. Ẹ fi 774 pín náírà 20 àti kọ́bọ̀ 60 kí ẹ rí i: tó bá jẹ́ pé dọ́gba-dọ́gba ni, ohun tó máa kan ìjọba ìbílẹ̀ kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà kò pé kọ́bọ̀ mẹ́ta.

Wọn kì í sì pín in dọ́gba tán. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni wọ́n ń pín lọ́gbọọgba. Ìdá 30 ń tẹ̀ lé iye èrò. Èyí tó kù ń tẹ̀ lé bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, bí ètò ẹ̀kọ́, ìlera àti omi ṣe rí, àti bí wọ́n ṣe ń sapá láti pa owó lábẹ́lé. Nítorí apá tí wọ́n ń pín lọ́gbọọgba yẹn, ìpínlẹ̀ tó bá ní ìjọba ìbílẹ̀ púpọ̀ ló ń jẹ anfààní. Ọ̀yọ́ ní 33, Ọ̀ṣun ní 30, Èkó ní 20, Ògùn ní 20, Oǹdó ní 18, Èkìtì ní 16. Gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn ní 137 lápapọ̀, nígbà tí Kánò nìkan ní 44. Àwọn ìjọba ológun ló ń dá ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wù wọ́n, láti orí 301 tí àtúntò ọdún 1976 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ títí dé 774 ti ọdún 1996, ìwé òfin 1999 sì to orúkọ wọn sínú ara rẹ̀, tó fi jẹ́ pé kò rọrùn láti fi ẹyọ kan kún un mọ́.

Owó orí ọjà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí VAT, ní ìpín tirẹ̀ lọ́tọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba àpapọ̀ ń mú ìdá 15, ìpínlẹ̀ ìdá 50, ìjọba ìbílẹ̀ ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin owó orí tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, tí wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kínní ọdún 2026, gbé ti ìjọba àpapọ̀ wálẹ̀ sí ìdá 10, ó sì gbé ti ìpínlẹ̀ sókè sí 55. Ẹ wo ti ìjọba ìbílẹ̀ dáadáa: 35 ló wà, 35 náà ló ṣì wà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tú ọwọ́ sílẹ̀, ìpínlẹ̀ nìkan ló gba ohun tó bọ́.

Tí wọ́n bá ti pín owó tán ní Àbújá, a dé ibi tí ọ̀nà ti ya. Abala 162 ìwé òfin sọ pé kí wọ́n fún ìpínlẹ̀ ní owó tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, fún ìlò ìjọba ìbílẹ̀. Kí ìpínlẹ̀ ṣí àkáǹtì àjùmọ̀ní kan tí owó náà yóò máa wọ̀. Kí ìpínlẹ̀ náà sì máa bu díẹ̀ nínú owó tó ń pa fúnra rẹ̀ kún un. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wá sọ bí wọn yóò ṣe pín gbogbo rẹ̀ fún àwọn káńsù. Àwọn tó kọ òfin náà rò pé ìpínlẹ̀ yóò dà bí alágbàtọ́ tó ń tọ́jú owó ọmọ. Ohun tí a rí láti ìgbà náà ni pé ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, gómìnà ló ń sọ iye tó máa kan káńsù, owó tí ìpínlẹ̀ yẹ kó bù kún un kì í sì í sábà dé.

Kí owó tó kúrò nínú àkáǹtì àjùmọ̀ní yẹn, ìyọkúrò máa ń wà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé mílíọ̀nù 300 náírà ló kan káńsù kan lóṣù kan. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fi ṣe, kì í ṣe ti káńsù kankan ní pàtó. Wọ́n á yọ owó oṣù àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ká pè é ní mílíọ̀nù 120. Wọ́n á yọ owó àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, mílíọ̀nù 30. Wọ́n á yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn ọba, mílíọ̀nù 15, àti ìdá kan fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, mílíọ̀nù 3. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ káńsù fúnra wọn lè kó mílíọ̀nù 90. Mílíọ̀nù 42 ló ṣẹ́kù, èyí tí wọn yóò fi la gọ́tà, tí wọn yóò fi tún ọjà ṣe, tí wọn yóò fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀, tí wọn yóò sì fi san owó ìjókòó fún àwọn káńsẹ́lọ̀. Tí ìpínlẹ̀ bá wá tún yọ owó fún iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe kan tí alága kò bá wọn fọwọ́ sí, ẹ mọ ohun tó máa kù. Ìgbà kan wà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba alágbádá yìí, tí owó oṣù olùkọ́ nìkan máa ń gbé gbogbo owó àwọn káńsù kan lọ, tí wọ́n fi sọ oṣù bẹ́ẹ̀ lórúkọ: “zero allocation”, oṣù òfo.

Nítorí náà, tí alága bá ní owó kò tó, ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ yẹn ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Láti àárín ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù, tí wọ́n sì jẹ́ kí iye náírà sí dọ́là rìn bí ọjà ṣe fẹ́, iye náírà tí FAAC ń pín lóṣooṣù ti lọ sókè gan-an. Ohun gbogbo náà ti gbówó lórí, owó oṣù tó kéré jù lọ sì ti kúrò ní 30,000 bọ́ sí 70,000 náírà ní oṣù Keje ọdún 2024, nítorí náà àlékún yẹn kì í ṣe èrè tán. Síbẹ̀, alága tó bá ń fi ohùn ọdún 2020 sunkún owó lónìí yẹ kó fi ìwé ìṣirò tì í. Owó tí káńsù ń pa fúnra rẹ̀ nínú ọjà, gáréèjì àti ṣọ́ọ̀bù kò gba ọwọ́ gómìnà kọjá, òun gan-an ni mo sì ka sí àdánwò alága. Ẹni tó ń bá owó àkáǹtì àjùmọ̀ní jà, ṣùgbọ́n tí kò lè sọ iye tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń já fún ìyálọ́jà lóòjọ́ àti ibi tí owó náà wọlé sí, kò tíì ní ẹjọ́ láti rò.

Òmìnira ìjọba ìbílẹ̀ wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1988, ìjọba ológun Ibrahim Babangida tú iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ ká, ó sì ní kí owó máa lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn káńsù. Ìwé òfin 1999 dá àkáǹtì àjùmọ̀ní padà. Ní ọdún 2019, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń tọpa owó, NFIU, pàṣẹ fún àwọn báńkì pé kí owó inú àkáǹtì náà má lọ síbòmíràn ju àkáǹtì àwọn káńsù lọ, àwọn gómìnà sì ta kò ó. Lẹ́yìn náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà gbé àbá àtúnṣe òfin kalẹ̀, tí yóò fa àkáǹtì àjùmọ̀ní tu pátápátá, ṣùgbọ́n irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kò lè di òfin láìjẹ́ pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin 24 nínú 36 àwọn ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí i. Wọn kò pé 24. Ta ni yóò yà lẹ́nu? Ẹni tí ń jẹ nínú oko ni wọ́n ní kó wá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gba oko.

Nígbà tí ọ̀nà ilé aṣòfin dí, wọ́n gba ọ̀nà ilé ẹjọ́. Ní ọdún 2024, mínísítà ètò ìdájọ́, Lateef Fagbemi, tó jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Kwara, pe gbogbo ìpínlẹ̀ 36 lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún náà, ìgbìmọ̀ adájọ́ ẹlẹ́ni méje gbé ìdájọ́ kalẹ̀, èyí tí Adájọ́ Emmanuel Agim kà. Wọ́n ní gómìnà kankan kò láṣẹ láti dá owó ìjọba ìbílẹ̀ dúró tàbí kó ná an. Wọ́n ní kí owó náà máa lọ tààrà láti àpò àjùmọ̀ní orílẹ̀-èdè sọ́dọ̀ àwọn káńsù. Wọ́n ní káńsù tí ará ìlú kò dìbò yàn, ìyẹn àwọn tí gómìnà yan ìgbìmọ̀ fìdíhẹ lé lórí, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó náà. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ìwé òfin fi ìpínlẹ̀ ṣe alágbàtọ́ lásán, alágbàtọ́ sì ti sọ ara rẹ̀ di olówó.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí wọ́n rò pé ìdájọ́ náà ti parí gbogbo rẹ̀. Ìdájọ́ sọ ẹni tó ni owó àti ẹni tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kò sọ ẹni tí yóò máa san owó olùkọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò pa ọ̀rọ̀ àkáǹtì àjùmọ̀ní rẹ́ kúrò nínú ìwé òfin, nítorí adájọ́ kì í ṣe aṣòfin. Ọ̀rọ̀ Abala 162 ṣì wà níbi tó wà. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT, ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀rù pé bí káńsù bá dá dúró, owó oṣù àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè di ìtàn bíi ti ìgbà kan, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, NULGE, ń fẹ́ òmìnira náà lójú méjèèjì. Àwọn méjèèjì ní ìdí. Ní ìpínlẹ̀ Anambra, kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìdájọ́ tí gómìnà fi buwọ́ lu òfin kan tó ní kí àwọn káńsù máa dá apá kan nínú owó wọn padà sínú àkáǹtì kan tí ìpínlẹ̀ ń ṣàkóso. Ọdún kan gbáko kọjá lẹ́yìn ìdájọ́, owó ọ̀pọ̀ jù lọ káńsù sì ṣì ń gba ọ̀nà àtijọ́.

Apá ìdìbò nínú ìdájọ́ náà ni wọ́n yára mú lò, àwọn ìpínlẹ̀ tí kò dìbò tẹ́lẹ̀ sì sáré dìbò. Èsì rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ní Ògùn, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ìpínlẹ̀ ló gba ipò alága gbogbo, 20 nínú 20. Ní Oǹdó, oṣù Kínní ọdún 2025, 18 nínú 18. Ní Èkó, oṣù Keje ọdún 2025, 57 nínú 57. Ìgbìmọ̀ elétò ìdìbò tí ìpínlẹ̀ yàn ló ń ṣètò ìdìbò wọ̀nyí, kì í ṣe INEC. Owó lè máa lọ tààrà sí àkáǹtì alága, àmọ́ tó bá jẹ́ pé gómìnà ló fa alága náà kalẹ̀, ó ṣòro kó pe gómìnà níjà bó bá ní kó bu díẹ̀ wá. Ní Ọ̀yọ́, ọjọ́ tí gómìnà tuntun gorí àléfà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ló tú àwọn káńsù tí wọ́n ti dìbò yàn ká. Ó di oṣù Karùn-ún ọdún 2021 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ pé kò tọ́, nígbà tí sáà àwọn tí wọ́n lé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ní Ọ̀ṣun, àríyànjiyàn ẹgbẹ́ òṣèlú méjì lórí ẹni tí í ṣe alága tòótọ́ gba ẹ̀mí ní oṣù Kejì ọdún 2025, owó ìjọba ìbílẹ̀ 30 sì dá dúró ní Àbújá.

Mo ti dárúkọ 57 fún Èkó, bẹ́ẹ̀ mo ní 20 ni ìwé òfin mọ̀. Ní ọdún 2003, ìjọba Bọ́lá Tinúbú, tó jẹ́ gómìnà nígbà náà, dá káńsù 37 kún 20. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fi ìyẹn dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró ní ọdún 2004. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ìpínlẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá wọn sílẹ̀ ṣùgbọ́n wọn kò tíì pé títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà yóò fi kọ orúkọ wọn sínú ìwé òfin. Wọ́n sì ní ààrẹ kò láṣẹ láti dá owó dúró. Lẹ́yìn tí Umaru Yar'Adua dé ní ọdún 2007 ni Èkó tó rí èyí tó kù gbà. Títí di òní, àwọn 37 yẹn, tí a ń pè ní LCDA, kò sí nínú ìwé FAAC. Abọ́ tí wọ́n bù fún 20 ni àwọn 57 ń jẹ. Alága LCDA tó bá ń ráhùn, ó ní ìdí.

Kí a tó kúrò nídìí ọ̀rọ̀ agbára, ohun kan wà tí àwọn alága máa ń lọ́ mọ́ òmìnira káńsù, tí kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu àwọn àtúnṣe ìwé òfin kan tó gbé agbára kúrò ní Àbújá wá sísàlẹ̀. Iná mànàmáná wà lára rẹ̀: ìpínlẹ̀ lè ṣe òfin lórí iná nísinsìnyí, títí kan àdúgbò tí wáyà iná orílẹ̀-èdè ti dé, Èkìtì àti Oǹdó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àkóso ọjà iná wọn. Ọ̀nà rélùwéè àti ọgbà ẹ̀wọ̀n wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé ìjọba ìpínlẹ̀ ni gbogbo agbára tó sọ̀kalẹ̀ yẹn dúró sí. Inú àpò àbá kan náà ni àbá òmìnira ìjọba ìbílẹ̀ wà, òun ni àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ sì yọ sẹ́yìn. Nítorí náà, alága tó bá ṣèlérí láti fún àdúgbò yín níná nítorí “agbára ti wálẹ̀” ń ṣèlérí ohun tó wà lọ́wọ́ gómìnà. Ohun tí káńsù lè ṣe kò ju kó ra ẹ̀rọ tiransifọ́mà tàbí kó gbé iná olóòrùn kọ́ sójú pópó.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ kò nílò láti bá alága jà. Iye tí FAAC pín fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í ṣe àṣírí; iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa ń gbé e jáde, tí ìjọba ìbílẹ̀ yín náà á sì wà níbẹ̀ lórúkọ. Mú iye oṣù kan dání lọ sí gbọ̀ngán. Bi alága pé èló nínú rẹ̀ ló wọ àkáǹtì káńsù, èló ni wọ́n yọ, òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wo ló sì ní kí wọ́n yọ ọ́. Bí ó bá ní kò sí ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ òun, kọ lẹ́tà sí káńsù lábẹ́ òfin òmìnira láti mọ ìròyìn ti ọdún 2011. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé òfin náà de gbogbo ìpele ìjọba. O kò ní láti sọ ohun tí o fẹ́ fi ìwé náà ṣe, ọjọ́ méje sì ni òfin fún wọn láti fèsì.